Ọ̀nà márosẹ̀ tí wọn ò là, tó sì yí àdúgbò kan padà

Tá a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn iṣẹ́ ńlá tí ìlú kan gbèrò tí kò wá sí ìmúṣẹ, àwòrán lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ wò, àwòrán ilé gàgàrà, àwòrán afárá tó gba orí ilé kọjá, a ó wò ó, a ó ní "ì bá mà rẹwà o", a ó sì bá tiwa lọ. Èmi ò rò pé ìyẹn tó. Ọ̀nà márosẹ̀ kan wà ní New York tí wọ́n fẹ́ là ní ìsàlẹ̀ erékùṣù Manhattan, Lower Manhattan Expressway ni wọ́n pè é, wọ́n gbé e wá, wọ́n dá a dúró, wọ́n tún gbé e wá, ó gbà wọ́n tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín wọn ò là á. Síbẹ̀ iṣẹ́ tí ọ̀nà tí ò sí yìí ṣe ládùúgbò tó yẹ kó gbà kọjá ju iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀nà táwọn èèyàn ń wakọ̀ lórí ẹ̀ lónìí ṣe lọ. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi fojú sí nìyẹn, torí pé ètò kan ò wáyé ò túmọ̀ sí pé kò ṣe nǹkan kan fáwọn tó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Omi ló yí Manhattan ká. Lápá ìwọ̀ oòrùn, Holland Tunnel gba abẹ́ odò Hudson lọ sí New Jersey, 1927 ni wọ́n ṣí i. Lápá ìlà oòrùn, afárá Williamsburg (1903) àti afárá Manhattan (1909) ló lọ sí Brooklyn. Láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yìí kò sí ọ̀nà ńlá kankan, títì ìgboro lásán ni, Canal Street ló sì gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Tírélà tó bá ń ti New Jersey bọ̀ tó ń lọ Brooklyn, àárín ìgboro náà ló máa gbà, láàárín àwọn tó ń já ẹrù, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn tó ń wá ibi tí wọ́n máa páàkì sí, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojoojúmọ́. Ìṣòro gidi ni o. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tìtorí pé ojútùú tí wọ́n mú wá burú ká wá sọ pé ìṣòro ọ̀hún ò sí.

Èrò pé kí ọ̀nà ńlá kan so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní 1929, àwọn tó ṣe ètò ńlá fún New York àti agbègbè rẹ̀ ti fa irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sórí ìwé. Àmọ́ ẹni tó wá gbé e kà á láyà tí ò gbé e sílẹ̀ mọ́ ni Robert Moses, láti 1941. Moses yìí, kò sẹ́ni tó dìbò yàn án sípò rí, ìgbà kan tó díje fún gómìnà ní 1934 ó fìdí rẹmi, àmọ́ oríṣiríṣi ipò ló kó sọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó sì fún un lágbára jù ni àjọ Triborough tó ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ lórí afárá. Owó yẹn ń wọlé tọ̀sán tòru, kò ní láti lọ bẹ ìgbìmọ̀ ìlú kó tó rówó gba àwọn ẹnjiníà tó máa yàwòrán fún un, ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tí ẹlòmíì bá ṣì ń ronú, pláànù tiẹ̀ ti wà lórí tábìlì.

Ohun tó fẹ́ kọ́ nìyí: ọ̀nà oní-léènì mẹ́wàá, tó dúró lórí òpó lókè títì, tó máa gba Broome Street kọjá láti Holland Tunnel títí dé apá ìlà oòrùn, ibẹ̀ ló ti máa pín sí méjì, ẹsẹ̀ kan á lọ sí afárá Williamsburg, èkejì á lọ sí ti Manhattan. Àwọn tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Lápá ìwọ̀ oòrùn, ilé iṣẹ́ ló kún ibẹ̀, àwọn ilé tí wọ́n fi irin dídà ṣe ojú wọn ní ọ̀rúndún tó ṣáájú, wọ́n ń ránṣọ níbẹ̀, wọ́n ń ṣe páálí, wọ́n ń di àkísà. Láàárín, àwọn ará Ítálì tí wọ́n ti ń gbé Little Italy láti ìran bàbá wọn. Lápá ìlà oòrùn, Lower East Side, ilé oníyàrá tóóró tí ìdílé kún fọ́fọ́. Tá a bá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀, nǹkan bí ìdílé 2,000 ló máa kó jáde, àti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù tó ju 800 lọ.

Ogun Àgbáyé Kejì dá a dúró fúngbà díẹ̀, owó náà ò sì tíì sí. Ohun tó yí i padà ni òfin ọ̀nà márosẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní 1956. Òfin yẹn sọ pé tí ọ̀nà kan bá ti wọnú ètò ọ̀nà àpapọ̀, ìjọba àpapọ̀ á san mẹ́sàn-án nínú gbogbo dọ́là mẹ́wàá tí wọ́n bá ná. Ẹ rò ó wò, ẹ wà nípò olóṣèlú ìlú, wọ́n ní àwọn máa kó ọ̀kẹ́ àìmọye dọ́là wá fi la ọ̀nà fún yín, ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tó sọ pé rárá? Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ fẹ́ ẹ torí iṣẹ́. Àwọn onísòwò ńlá ìsàlẹ̀ ìlú fẹ́ ẹ, David Rockefeller tó wà ní báńkì Chase wà lára wọn. Ní 1960, Board of Estimate, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń dìbò lórí ilẹ̀ àti owó ìlú nígbà yẹn, fọwọ́ sí ojú ọ̀nà náà. Ó di òfin pé ibẹ̀ ló máa gbà.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró lé díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ìtàn ọ̀nà yìí máa ń fò ó, wọ́n á sáré lọ síbi ìjà.

Látìgbà tí ìlú bá ti mọ̀ pé ibí lọ̀nà máa gbà, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ilé tó wà lábẹ́ ìlà tí wọ́n fà sórí máàpù yẹn? Katapílà ò tíì dé. Kò tíì sí lẹ́tà. Ẹ fojú inú wò ó báyìí: láńdìlọ́ọ̀dù kan ní ilé alájà márùn-ún ní Broome Street, òrùlé ń jò. Ó fẹ́ pààrọ̀ òrùlé, ó lọ yáwó ní báńkì, báńkì wo máàpù, wọ́n ní ilé tí wọ́n máa wó lulẹ̀, àwọn ò yáni lówó lé e. Ó ní kóun kúkú tà á, ẹni tó fẹ́ rà á náà ti wo máàpù. Ó wá wá nǹkan bo ibi tó ń jò, ó ń lẹ̀ ẹ́, ó ń lẹ̀ ẹ́, torí ó mọ̀ pé bí òun bá fi owó tuntun sí i, ìjọba ló máa wá wó o, kò sì dájú pé owó gbà-má-bínú tí wọ́n máa san á kájú ohun tóun ná. Ayálégbé tó lágbára díẹ̀ kó lọ, èyí tí ò lágbára dúró. Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, wọ́n wo òrùlé, wọ́n wo ògiri tó ti ń hó, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àdúgbò ti kú, ẹ ò wá rí i pé ó yẹ kí ọ̀nà gba ibẹ̀. Ìlà ló ń pa àdúgbò, wọ́n wá ń fi òkú ẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé ìlà náà tọ́. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ rí i kedere, Jane Jacobs, òǹkọ̀wé kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú, náà tẹnu mọ́ ọn nígbà tó dá sí ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn tó ń yàwòrán ìlú tó gbà pé ìlà orí ìwé ń ṣiṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì.

1962 ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ yíwọ́. Fádà ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan wà ní Broome Street níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ náà wà lójú ọ̀nà, àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ló máa kó jáde. Ó lọ bá Jane Jacobs pé kó wá bá àwọn dá sí i. Jacobs ń gbé Greenwich Village nítòsí ibẹ̀, ó ti wà lára àwọn tó dènà ọ̀nà mìíràn tí Moses fẹ́ là gba àárín pápá Washington Square ní 1958, ó sì ti kọ ìwé nípa bí ìlú ńlá ṣe ń wà láàyè tó jáde ní 1961, orúkọ rẹ̀ ti ń dún. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé obìnrin kan ló dá ọ̀nà dúró. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ kó àwọn tí wọn kì í jókòó pọ̀ tẹ́lẹ̀ jọ: àwọn ìyá Ítálì, àwọn onílé iṣẹ́ kéékèèké, àwọn olóṣèlú agbègbè tí wọ́n mọ̀ pé ìbò wọn wà níbẹ̀, àwọn onímọ̀ láti Village. Wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn kiri ìgboro pẹ̀lú páálí lọ́wọ́, nígbà tó di December 1962 Board of Estimate dìbò, gbogbo wọn pátá ló dìbò pé kí wọ́n má là á.

Ayọ̀ ńlá. Ó sì yẹ kí wọ́n yọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìbò yẹn ò ṣe. Kò yọ ìlà kúrò lórí máàpù. Kò yọ ọ̀nà náà kúrò nínú ètò ọ̀nà àpapọ̀, ìyẹn ni pé owó mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá yẹn ṣì wà níbi tó wà. Báńkì ò padà wá yáni lówó torí pé ìgbìmọ̀ sọ pé rárá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n mọ̀ pé máàpù ò tíì yí. Moses náà ò sinmi. Nígbà tó di 1965, Méyọ̀ Robert Wagner yíhùn padà, ó ní kí iṣẹ́ máa lọ. Àwọn tó ti ń rò pé ìjà ti parí tún ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn kan ti rẹ̀, àwọn kan ti kó lọ.

Láàárín àkókò yẹn, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tí kò fara jọ ìjà ọ̀nà rárá, àmọ́ tí wọ́n wá jẹ́ òkúta lójú ọ̀nà Moses. Àkọ́kọ́ ni ìwé ìwádìí kan tó jáde ní 1963. Àwọn kan ti ń dábàá pé kí wọ́n wó àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní gúúsù Houston Street kí wọ́n fi ilé gbígbé rọ́pò wọn, wọ́n ní ibẹ̀ ò wúlò mọ́, àwọn panápaná tiẹ̀ sọ ibẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún éékà ọ̀run àpáàdì torí bí iná ṣe máa ń jó níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ètò ìlú wá rán onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Chester Rapkin, pé kó lọ yẹ ibẹ̀ wò. Ó lọ láti ilé dé ilé, ó ka ilé iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, ó ka òṣìṣẹ́. Ohun tó bá níbẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń sọ: ilé tó ṣófo ò pọ̀, iṣẹ́ ń lọ, àwọn tó sì ń ṣe é, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú àti ará Puerto Rico, obìnrin pọ̀ nínú wọn, àwọn èèyàn tí kò rọrùn fún láti ríṣẹ́ mìíràn níbòmíì nínú ìlú náà. Wọ́n pa ètò ilé gbígbé yẹn tì. Ọ̀nà márosẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, àmọ́ láti ìgbà yẹn ẹni tó bá sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ìwé ìjọba fúnra ẹ̀ ló máa ta kò ó.

Èkejì ni òfin ilé àjogúnbá. Iléeṣẹ́ ojú irin tó ni ibùdókọ̀ Pennsylvania Station ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó o ní 1963, ó dun àwọn èèyàn wọra, ní 1965 wọ́n ṣòfin tó lè dáàbò bo ilé tó níyì. Lọ́dún kan náà, wọ́n fi òfin yẹn bo ilé Haughwout, tó wà níkòríta Broadway àti Broome Street, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1857, ibẹ̀ ni Elisha Otis kọ́kọ́ ṣe líífítì tó ń gbé èrò sí, ojú ẹ̀ sì jẹ́ irin dídà látòkè délẹ̀. Ibi tí wọ́n ti fa ìlà ọ̀nà gan-an ló wà. Báyìí, òfin ìlú kan ń sọ pé ẹ wó o, òfin ìlú kejì ń sọ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nídìí irú nǹkan báyìí, ó yẹ kó máa wá irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ láàárín ìwé méjì, torí ó máa ń dá iṣẹ́ dúró pẹ́ ju ariwo lọ.

John Lindsay di méyọ̀ ní January 1966. Nígbà tó ń wá ìbò, ó ta ko ọ̀nà náà. Nígbà tó dórí àga, ó rí i pé àwọn tó fẹ́ ẹ ò tíì lọ, owó àpapọ̀ ṣì wà, ó wá wá ọ̀nà àárín: ní 1967 wọ́n gbé àwòrán tuntun jáde, ọ̀nà ò ní wà lókè mọ́, apá kan á wọlẹ̀, apá kan á wà nínú kòtò tí ò ní ìbòrí. Ó dà bíi pé ó dáa jù, àmọ́ ìdílé tó máa kó jáde ṣì máa kó jáde, torí kó tó di pé ẹ gbẹ́ kòtò oní-léènì mélòó kan lágbègbè tí ilé kún, ilé tó wà níbẹ̀ á kọ́kọ́ lọ.

Àkókò yìí náà ni Paul Rudolph, ayàwòrán ilé tó gbajúmọ̀ gan-an nígbà yẹn, wọ̀ ọ́. Ford Foundation ló gbé iṣẹ́ fún un ní 1967 pé kó ronú ohun tí ìlú lè kọ́ sórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ó yà á, ó yà á dáadáa: ilé tó fẹ̀ nísàlẹ̀ tó ń tín-ín-rín lọ sókè, tó jókòó sórí ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yàrá tí wọ́n ti ṣe parí níbòmíì kí wọ́n tó gbé e wá to léra. Library of Congress ni ọ̀pọ̀ àwọn àwòrán yẹn wà lónìí. Mo fẹ́ràn àwọn àwòrán náà, màá sọ òótọ́, ọwọ́ tó yà wọ́n kì í ṣe ọwọ́ kékeré. Ibi tó ti ń bí mi nínú ni pé wọ́n máa ń gbé wọn káàkiri pé "ohun tí Moses fẹ́ kọ́ nìyí", irọ́ ni. Moses ò rán an níṣẹ́, ìlú ò dìbò lé e lórí, kò fìgbà kankan wà lórí máàpù tó lé èèyàn kúrò nílé. Àwòrán Moses fúnra ẹ̀, afárá kọnkéré lórí òpó, kò rẹwà tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sábà gbé e jáde. Bí àwòrán tó rẹwà bá wá rọ́pò èyí tó fẹ́ wó ilé, ohun tí ìdílé 2,000 yẹn ń bẹ̀rù á di nǹkan àwòyanu.

Ní April 10, 1968, ìjọba ìpínlẹ̀ pe ìpàdé gbogbogbòò nípa ọ̀nà náà nílé ẹ̀kọ́ Seward Park, ní Lower East Side. Òfin sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu aráàlú kí iṣẹ́ tó lọ síwájú, àwọn èèyàn sì wá, yàrá kún. Nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé látìgbà tí mo ti kà á: máìkì tí aráàlú ń sọ̀rọ̀ sí, àwọn èrò ló kọjú sí, ẹ̀yìn ló kọ sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jókòó lórí pèpéle. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀, aládùúgbò ẹ̀ ló ń bá sọ ọ́, ìjọba tó pè é wá gbọ́ tẹnu ẹ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Jacobs bọ́ síbẹ̀, ó sọ ọ́ jáde pé ìpàdé yìí ò ju ayẹyẹ lásán lọ, pé òun máa gun orí pèpéle kọjá lọ sódì kejì láìsọ̀rọ̀, kí ìjọba lè rí i pé àwọn ò gbà. Àwọn èèyàn tẹ̀ lé e. Obìnrin tó ń tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀ sáré gbá ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ra, bébà gígùn tí ọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀ já sílẹ̀, àwọn èèyàn ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń jù ú sókè. Jacobs padà sídìí máìkì, ó ní kò sí àkọsílẹ̀ mọ́, nítorí náà kò sí ìpàdé. Ọlọ́pàá mú un. Nígbà tó yá wọ́n fi ẹ̀sùn ìdàrúdàpọ̀ àti ríru èrò sókè kàn án, ẹ̀sùn tó wúwo, kó tó di pé wọ́n dín in kù. Lọ́dún yẹn kan náà, òun àti ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Toronto, torí ogun Vietnam, wọn ò fẹ́ kí wọ́n mú àwọn ọmọkùnrin wọn lọ jagun.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé alẹ́ ọjọ́ yẹn ló pa ọ̀nà náà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó kó ìtìjú bá ìjọba, ó gbé ọ̀rọ̀ dé ojú ìwé ìròyìn, àmọ́ lọ́jọ́ kejì ìlà ṣì wà lórí máàpù. Ohun tó pa á, ọ̀pọ̀ nǹkan tó kóra jọ láàárín ọdún kan àti díẹ̀ ni. Moses ti pàdánù agbára rẹ̀ ní March 1968, nígbà tí wọ́n kó àjọ Triborough sábẹ́ àjọ ìrìnnà tuntun, ẹni tó ti ń tì í látẹ̀yìn láti 1941 ò sí nídìí ẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì jáde, wọ́n ní èéfín carbon monoxide tó máa kó jọ sínú ibi tí ọ̀nà bá ti wọlẹ̀ á léwu fún àwọn tó ń gbé nítòsí, ìyẹn ni pé àtúnṣe tí Lindsay ṣe kí ọ̀nà lè dín ní ìdààmú gan-an ló bí ẹ̀sùn tuntun.

Àwọn olórin, àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére náà wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Torí ìlà yẹn ni wọ́n ṣe débẹ̀. Owó ilé ti wálẹ̀, láńdìlọ́ọ̀dù ń wá ẹni tó máa gbé àjà tó ṣófo láìbéèrè àtúnṣe, àwọn oníṣẹ́ ọnà ń wá ibi tó fẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọ̀. Òfin ò gbà kẹ́nikẹ́ni sùn nílé tí wọ́n kọ́ fún ilé iṣẹ́, nítorí náà wọ́n ń gbé ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n máa ń bo wíńdò tílẹ̀ bá ṣú. Ẹ wá wo ohun tó ná wọn láti jáde: tí wọ́n bá lọ sọ̀rọ̀ ní gbangba pé ẹ má wó ilé wa, wọ́n ti jẹ́wọ́ pé àwọn ń gbé ibi tí òfin ò gbà nìyẹn. Síbẹ̀ ní 1969 wọ́n jáde, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ta ko ọ̀nà náà, wọ́n mú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ìlú wọ̀ ọ́. Ní June 1969 Lindsay fìdí rẹmi nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, ó di dandan kó wá ojú rere àwọn tó ti bínú sí i. Ní July ó kéde pé ọ̀nà náà ti kú. Ní August, Board of Estimate yọ ọ́ kúrò lórí máàpù. Nígbà tó di 1971, Gómìnà Nelson Rockefeller yọ ọ́ kúrò nínú ètò ọ̀nà ti ìpínlẹ̀.

Àwọn ilé onírin dídà tí ò sẹ́ni tó náwó lé lórí láti wó wọn tàbí tún wọn ṣe, wọ́n ṣì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1971 ìlú gbà kí àwọn oníṣẹ́ ọnà tó níwèé ẹ̀rí máa gbé ibẹ̀ lábẹ́ òfin, ní 1973 wọ́n sọ agbègbè náà, nǹkan bí ilé 500, di àjogúnbá tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wó bó ṣe wù ú. SoHo, àdúgbò gúúsù Houston Street tí gbogbo ayé mọ̀, nìyẹn. Kò pẹ́ tí owó ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, àwọn ilé iṣẹ́ tí Rapkin kà kó lọ, àwọn òṣìṣẹ́ wọn kó lọ, lẹ́yìn náà àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ò ra ilé wọn náà kó lọ. Mi ò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ẹ ò rí i, ìlà yẹn ló ṣe SoHo lóore. Àwọn tó fi ọdún gbé lábẹ́ òrùlé tó ń jò kọ́ ló jẹ èrè ẹ̀. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Canal Street náà ò lọ. Nígbà tí ìlú máa wá gbé ìgbésẹ̀ ńlá lórí ọkọ̀ tó ń wọ gúúsù Manhattan, ní January 2025, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ń gba dọ́là 9 lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré lákòókò tí èrò bá pọ̀, wọn ò wó ilé kankan.

Fún àwa tá à ń ṣiṣẹ́ lórí irú àwọn ètò tí kò wáyé báyìí, yálà a wà ní ilé ìkówèésí ni, ní ọ́fíìsì ètò ìlú, tàbí à ń bá aráàlú jà fún àdúgbò wọn, ohun tí mo rí kọ́ nídìí èyí pọ̀, àmọ́ màá mú díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń kọ ìtàn ètò kan tí kò wáyé, ẹ má kàn kọ ọdún tí wọ́n dábàá ẹ̀ àti ọdún tí wọ́n fagi lé e. Ẹ wá ọjọ́ tí ìlà wọ máàpù àti ọjọ́ tó kúrò, àárín méjèèjì ni ìyà wà. Níbí, láti 1960 tí wọ́n fọwọ́ sí i dé 1969 ni ìlà fi wà lábẹ́ òfin, ká má tíì ka àwọn ọdún tí gbogbo ìlú ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì wà lára àwọn tó ń jà, ọjọ́ tí wọ́n bá dìbò pé rárá, ẹ bi wọ́n lọ́jọ́ yẹn gan-an: ṣé ẹ ti yọ ọ́ lórí máàpù, ṣé ẹ ti yọ ọ́ nínú ètò tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀? Tí ìdáhùn ọ̀kan bá jẹ́ rárá, ẹ má tíì tú ẹgbẹ́ ká. Àwọn ará Broome Street mọ èyí ní 1965, ó sì ná wọn ní ọdún mẹ́rin sí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ya àwòrán sọ́tọ̀. Èyí tí ìjọba fọwọ́ sí, ẹ kọ ọ́ sí i lára pé wọ́n fọwọ́ sí i. Èyí tí ayàwòrán kan yà torí pé ẹnì kan sanwó fún un pé kó ronú, ẹ kọ ìyẹn náà sí i lára, kí ẹni tó máa wò ó lọ́jọ́ iwájú má baà pa wọ́n pọ̀. Tí wọ́n bá sì ní kí n mú ìwé kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tó kù nípa àdúgbò yìí kí n tọ́jú ẹ̀, ìwé Rapkin ti 1963 ni màá mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà kọ́ ló ń sọ. Nínú gbogbo wọn, òun ló lọ ka iye èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó pinnu ohun tó máa gba orí wọn kọjá.